Avril Purọ́ Mọ́ Táyà, Táyà Sì Gbọ́

Ẹ súnmọ́bí, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fà mọ́ mi dáadáa. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù, kó kì í bọ abẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì mi. Ẹni tó bá sì ń ka ìwé ìròyìn yìí nínú ọkọ̀ ojú irin, kí ìyẹn náà ṣe bí ẹni pé ó jókòó tì wá níbí. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ. Avril Mussett tó ni ín ló jókòó nínú kíṣìnì mi, tó mu tíì mi tán, tó ní, "Màmá Peg, ẹ bá mi sọ ọ́ fún wọn. Ẹ má fi nǹkan kan bò. Bóyá ẹnì kan wà níbì kan tó ń ṣa irọ́ kékeré tó fẹ́ pa lọ́wọ́."

Mo ní, "Ṣé kí n yí orúkọ ẹ padà?"

Ó ní, "Ta ni ò mọ̀ mí ní Thornsey?" Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Erékùṣù wa yìí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́. Orí iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni ọ̀nà ọ̀hún gbà. Bí omi òkun bá fà, mọ́tò á kọjá. Bí omi bá kún, ọ̀nà á di òkun. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí omi bá ká ẹ mọ́, ibẹ̀ lo máa wà títí yóò fi wù ú láti padà lọ.

Clem, àbúrò Avril, apẹja ni kó tó di pé àìsàn kan tó ń jẹ iṣan díẹ̀díẹ̀ gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ Avril kú, Avril palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó wá ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀. Ìjọba ń fún Clem lówó ìrànwọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Clem ní kí wọ́n máa mú apá kan níbẹ̀, kí wọ́n fi yá òun ní mọ́tò. Mọ́tò pupa ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ga. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì, pákó irin kan á rọra yọ jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí ahọ́n. Clem á yí àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ gun orí ahọ́n náà, ó di inú mọ́tò, níbi tí wọ́n ti yọ ìjókòó kúrò sílẹ̀ dè é.

Àtúnṣe mọ́tò, táyà, gbogbo rẹ̀ wà nínú owó tí wọ́n ń mú. Ìwọ ṣáà ti pe nọ́ńbà kan. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n gbà wọlé, Avril. Ọkùnrin tó gbé mọ́tò náà wá là á mọ́lẹ̀.

"Madam, ti Ọ̀gbẹ́ni Clem ni mọ́tò yìí. Ẹ̀yin ń wà á fún wọn ni. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ jókòó sídìí ẹ̀. Tí a bá gbọ́ pẹ́nrẹ́n, a lè wá gbé e."

Clem rẹ́rìn-ín. "Tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ, ẹ gbé èmi náà sínú ẹ̀ o. Ẹsẹ̀ mi nìyẹn."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, ẹ̀yin ọmọ. Ẹsẹ̀ mi nìyẹn.

Ibi tí Avril ti ń gba oògùn Clem ní òdìkejì omi, gbọ̀ngàn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àwọn àgbàlagbà ti máa ń jó ijó tí takọtabo ń dì mọ́ra wọn jó. Avril á gba oògùn tán, á dúró lẹ́nu ọ̀nà. Á ní òun kàn fẹ́ wò ó. Ọjọ́ kan báyìí, ọkùnrin kan jáde sí i. Irun rẹ̀ funfun, ó fi òróró yà á. Bàtà ijó rẹ̀ ń dán bí ojú ológbò. Royston lorúkọ rẹ̀.

"Madam," ni Royston wí, "ẹsẹ̀ tó ń lu ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yìí, ṣé ìwé àṣẹ ló ń dúró dè ni?"

Ẹ má rojọ́ mọ́ ọn o. Obìnrin tó ti ń fọ aṣọ, tó ń gbé èèyàn dìde, tó ń gbé èèyàn sùn, tí kò sẹ́ni tó bi í rí pé ṣé ẹ̀yìn kò dùn ún, ẹnì kan wá na ọwọ́ sí i, ó ní kó wá jó. Ta ni ò ní jó? Èmi gan-an á jó. Títí dòní, bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mà á jó!

Ijó kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ o. Ohun tó tẹ̀lé ijó ni.

Royston ń mọ ère amọ̀, àwọn baba kúkúrú onírùngbọ̀n tí wọ́n ń dé fìlà pupa, tí àwọn èèyàn máa ń gbé sí ọgbà òdòdó wọn. Ọjà bùútù ló ti ń tà wọ́n, lórí pápá tí àwọn èèyàn ti ń ṣí ẹ̀yìn mọ́tò wọn láràárọ̀ Sọ́ńdè láti ta ẹrù àtijọ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò Royston ti kú.

"Avril," ló wí lọ́jọ́ kan, "ẹ̀yìn mọ́tò ẹ yìí fẹ̀ bíi yàrá. Ó ṣófo lásán."

"Kò ṣófo. Àyè Clem ni."

"Ṣé Clem wà níbẹ̀ báyìí?"

Avril ò dáhùn. Ẹni tí kò dáhùn ti gbà.

Wàhálà tó kù ni pé Sọ́ńdè gan-an lọjọ́ Clem. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Avril máa ń fi mọ́tò gbé Clem lọ sí etí omi lódìkejì, kí Clem lọ jókòó ti àwọn tí wọ́n jọ pẹja tẹ́lẹ̀, kí wọ́n mutí díẹ̀, kí wọ́n bú ara wọn. Ọjọ́ kan yẹn ni Clem fi ń gbé ìyókù ọ̀sẹ̀. Avril ronú títí. Ó jáde síta, ó fi ẹsẹ̀ gbá táyà iwájú apá òsì, ó padà wọlé.

"Clem, táyà iwájú yìí ń jò. Mi ò lè gbé ẹ sínú mọ́tò báyìí ká lọ há sójú òkun. Jẹ́ kí n gbé e lọ kí wọ́n wò ó."

"Háà, má pa wá o! Tètè lọ," Clem dáhùn. "Èmi á máa wo ẹyẹ mi."

Ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni ohun tó bá Avril lẹ́rù jù, bó ṣe rọrùn tó.

Sọ́ńdè kejì, ó ní wọ́n ní irú táyà náà kò sí nílẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó ní wọ́n ṣì ń retí rẹ̀. Báyìí ni ewé igi fi wọ́ dànù, tí òtútù dé, tí Clem ń jókòó lójú fèrèsé pẹ̀lú awò ńlá tó fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ ti ń fò bọ̀ láti ilẹ̀ yìnyín.

"Wo àwọn wọ̀nyí," Clem á wí, á máa rẹ́rìn-ín. "Wọ́n la òkun ńlá kọjá wá. Èmi ò lè la iyanrìn tó wà níwájú ilé mi kọjá."

Avril á yí ojú sí ìkòkò ọbẹ̀.

Èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ tún wà. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, Royston ní, "Ṣe lo ń wà á bí ẹni gbé òkú. Fún mi ní kọ́kọ́rọ́." Avril rántí ohun tí ọkùnrin tó gbé mọ́tò wá sọ, ó rántí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tí Clem sọ. Ó na kọ́kọ́rọ́ náà sí i. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi nà án. Láti ọjọ́ náà, Royston ló ń wà á lọ sọ́jà, òun ló ń wà á bọ̀, títí dé ibi tí ọ̀nà òkun ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa ń sọ̀ kalẹ̀, kí Avril tó wà á délé.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ mọ ìyókù.

Sọ́ńdè ọjọ́ náà, òkun ń kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó ṣe máa ń ṣe bí òṣùpá bá yọ kíkún. Royston wá jókòó ti ẹnì kan lọ́jà tó ń dúnàádúrà lórí ère kan tó mú ìwọ̀ ìpẹja lọ́wọ́. Avril fà á láṣọ títí. Nígbà tí wọ́n máa kúrò lórí pápá, ẹ̀yìn mọ́tò gun òpó ọgbà kan tó ti kán, ó gbọ̀n jìgì.

"Kí nìyẹn?"

"Òkúta ni jàre."

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà òkun, omi ti ń lá ẹ̀gbẹ́ títì.

"Sọ̀ kalẹ̀, Royston. Jẹ́ kí n máa lọ."

"Ìwọ? Kí omi fi bá ẹ láàárín? Jẹ́ kí n sáré gbé ẹ kọjá. N óò sáré padà."

Avril ì bá ti ta kú. Ṣùgbọ́n omi ń bọ̀, Royston sì ti tẹ iná mọ́tò.

Wọ́n dé àárín gan-an, ó bẹ̀rẹ̀: gbì, gbì, gbì. Ẹ̀yìn mọ́tò rọ̀ sápá kan bí arúgbó tó fẹ́ jókòó. Royston dúró. Avril bọ́ sílẹ̀, omi tutù wọ bàtà rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn apá ọ̀tún ti pẹlẹbẹ bí àkàrà tí wọ́n jókòó lé.

Kò sí táyà ìrọ́pò nínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ibi tó yẹ kó wà ni wọ́n fi pákó irin Clem sí. Nọ́ńbà ni kó pè. Fọganáísà á wá, ọ̀fẹ́ ni. Fóònù wà lọ́wọ́ Avril. Ó tẹ nọ́ńbà náà dé ìdajì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Wọ́n á bi í ta ni. Wọ́n á bi í ta ló ń wà á. Wọ́n á pe Clem, torí nọ́ńbà tirẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn. Bó bá pè, mọ́tò lè lọ. Bí kò bá pè, òkun á gbé mọ́tò. Èyíkéyìí tó bá ṣe, ẹsẹ̀ Clem ló máa gé.

"Pè wọ́n!" Royston pariwo láti inú mọ́tò. Kò bọ́ sílẹ̀ o, kí omi má bàa kan bàtà ijó rẹ̀.

"Mi ò lè pè wọ́n!"

Bí wọ́n ti ń jiyàn, iná mọ́tò kan yọ lẹ́yìn wọn. Ọkọ̀ funfun kan ń bọ̀ ó ń ta omi. Ọkùnrin ẹlẹ́sìn Sikh ti ilẹ̀ Íńdíà kan tó wé láwàní aláwọ̀ ewé yọrí.

"Àǹtí! Ṣé mọ́tò Ọ̀gbẹ́ni Clem nìyí? Ilé yín gan-an ni mò ń sáré lọ kí omi tó kún! Èmi ni Jasbir, fọganáísà."

Avril ki fóònù bọ àpò. "Ta ló pè ọ́?"

"Ọ̀gbẹ́ni Clem fúnra wọn. Wọ́n ní táyà iwájú apá òsì ti ń jò tipẹ́, ẹ̀gbọ́n àwọn ń ṣe wàhálà lórí ẹ̀ ní gbogbo Sọ́ńdè. Wọ́n ní kí n wá pààrọ̀ ẹ̀, kí àwọn fi yà yín lẹ́nu."

Avril sọ fún mi pé ká ní òkun gbé òun lọ lásìkò yẹn, òun ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ òkun.

Jasbir ti tẹ̀ ba. "Ti iwájú yìí ò ṣe nǹkan kan. Ti ẹ̀yìn ló gé." Ó gbójú sókè, ó rí Royston. "Àǹkù wo ló wà nídìí ọkọ̀? Obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún mi pé ó ń wà á."

Royston yọ orí jáde. "Èmi ni Clem," ló wí.

"Ẹ̀yin? Ẹ sì ń wakọ̀?"

"Ẹsẹ̀ mi máa ń yá díẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Jasbir wo ẹ̀yìn mọ́tò. Àwọn baba onírùngbọ̀n kún ibẹ̀ bámúbámú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. "Àga oníkẹ̀kẹ́ yín ńkọ́?"

"Ó wà nílé."

Jasbir wo bàtà rẹ̀. "Bàtà yín dán o, Àǹkù Clem."

Ó wá wo Avril. Ẹ̀yin ọmọ, ojú tó fi wò ó yẹn, ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún un. Avril ì bá ti gba ibẹ̀ jáde. Ó sọ orí kọ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, omi ti ń dé orókún mi."

Kò sí àyè láti pààrọ̀ táyà. Jasbir fa ẹ̀rọ ìfẹ́táyà rẹ̀ jáde, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, atẹ́gùn ń súfèé jáde bí ejò. Kò sí àtipadà, omi ti bo ẹ̀yìn wọn.

"Kò ní pẹ́ nínú ẹ̀ o! Ẹ wà á tààrà, ẹ má dúró. Àǹtí, ẹ má dààmú Àǹkù pé kó dìde níbẹ̀, ẹ wọ ẹ̀gbẹ́ kejì."

Báyìí ni irọ́ fi so Royston mọ́ ìdí ọkọ̀. Ẹni tí òfin ní kò gbọdọ̀ wà á, òun náà ni kò tún lè kúrò níbẹ̀ mọ́.

Wọ́n fà á dé etí Thornsey, wọ́n rí ohun kan nínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá omi. Èèyàn ni. Clem ni. Ó ti fi awò rẹ̀ rí i láti ojú fèrèsé pé mọ́tò òun dúró láàárín òkun. Kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Ó yí àga rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sétí omi, táyà iwájú àga náà wọ ẹrẹ̀, ó há. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń pariwo, ohùn rẹ̀ ti há.

"Avril! Avril o!"

Jasbir bẹ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sáré dé fèrèsé Avril. "Ta nìyẹn?"

Ẹnu Avril là. Ó wo Royston. Ó wo Jasbir.

"Aládùúgbò," ló wí. "Aládùúgbò wa ni."

Ibi tí wọ́n wà kò jìnnà. Atẹ́gùn sì ń fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Clem. Igbe tó ń ké dákẹ́ lójijì.

Jasbir ti wà nínú omi. "Àǹtí, ẹ wá bá mi tì í! Irin àga yìí wúwo!" Avril sáré wọ ẹrẹ̀, ó dì í mú, wọ́n tì, wọ́n tì. Kò mira. Clem ò wo ojú rẹ̀. Ṣe ló tẹjú mọ́ omi.

"Royston! Sọ̀ kalẹ̀ wá ràn wá lọ́wọ́!"

Fèrèsé mọ́tò sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Royston rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Avril, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀? Ṣebí èmi lẹni tí kò lè rìn."

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí Avril dé ibí yìí nínú ìtàn rẹ̀, ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Èyí ni Clem!" Ó figbe ta. "Jasbir, èyí ni Clem! Àbúrò mi ni! Ẹsẹ̀ èyí tó wà nínú mọ́tò yẹn ò ṣe nǹkan kan, ijó ló ń fi í jó! Èmi ni mo fún un ní kọ́kọ́rọ́! Táyà kankan ò jò rí! Irọ́ ni! Irọ́ ni mo pa!"

Jasbir ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Mo ti gbọ́, Àǹtí. Ẹ kọ́kọ́ tì í ná."

Royston sọ̀ kalẹ̀. Ó bọ́ bàtà ijó rẹ̀ ná o, ó tò ó síbi tó gbẹ, kó tó wọ omi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fà á, àga náà já kúrò nínú ẹrẹ̀ pọ̀ọ́, wọ́n gbé e sórí òkúta. Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ti pa ẹ̀rọ àga, òkè ibẹ̀ sì ga. Mọ́tò nìkan ló lè gbé Clem délé.

Avril tẹ bọ́tìnnì. Pákó irin yọ jáde bí ahọ́n. Ilẹ̀kùn ṣí. Àyè Clem kún fún àwọn baba onírùngbọ̀n.

Clem wò wọ́n.  Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ nìyí:

"Wọ́n jókòó sáyè mi dáadáa."

Avril ki ọwọ́ bọ inú mọ́tò. Ó gbé ọ̀kan, ó sọ ọ́ sínú omi. Ó gbé òmíràn.

"Avril!" Royston di orí mú. "Èyí tó mú ìwọ̀ ìpẹja lọ́wọ́ yẹn, ó ti ní oníbàárà!"

Òun gan-an ló jù jìnnà jù.

Ilé kún lọ́jọ́ náà. Òkun ti yí Thornsey ká, kò sẹ́ni tó lè lọ. Jasbir wọ ṣòkòtò Clem, ó kéré sí i. Royston wé búláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ra, ó jókòó bí ọmọ ìkókó tó dàgbà láìròtẹ́lẹ̀. Avril gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà tútù kaná, ó gé búrẹ́dì, ó po tíì. Yàrá kan ṣoṣo ló ní iná, gbogbo wọn sì gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀. Ẹni tó purọ́, ẹni tí wọ́n purọ́ fún, ẹni tó bá a pa irọ́ náà, àti ẹni tó ká wọn mọ́. Wọ́n ń jẹun. 

Jasbir pe ìyàwó rẹ̀. "Mo há sí erékùṣù kan. Omi ló ká mi mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, erékùṣù. Kí lo ní?" Ó dá fóònù dúró, ó wò wọ́n. "Ó ní kí n lọ wá irọ́ mìíràn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ pa Royston lẹ́rìn-ín ṣá, ó rí ojú Clem, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Ìgbà náà ni fóònù Clem dún. Clem jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta, kí gbogbo ilé gbọ́. Obìnrin kan láti ibi tí wọ́n ti ń gba ìpè lórí ọ̀rọ̀ táyà ni.

"Ẹ káalẹ́, sà. Fọganáísà wa ò tíì sọ fún wa pé iṣẹ́ yín parí. Ṣé kò sí wàhálà pẹ̀lú táyà náà?"

Clem wo Avril fún ìgbà àkọ́kọ́ láti etí omi. "Ẹ má bi mí," ló wí. "Ẹ̀gbọ́n mi ló mọ ìtàn táyà." Ó na fóònù sí i.

Royston ń mi orí, ó ń fẹnu sọ̀rọ̀ láìgbóhùn: má sọ ọ́, má sọ ọ́. Jasbir tẹjú mọ́ ife rẹ̀. Avril mọ̀ pé bí òun bá ní kò sí wàhálà, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mọ́tò á wà. Jasbir kò ní tú àṣírí, ó ti hàn lójú rẹ̀. Irọ́ kan péré ló kù.

Ó sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ẹsẹ̀ tó fi gbá táyà títí dé orí aládùúgbò.

Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin. "Madam," ló wí níkẹyìn, "táyà nìkan lèmi ń gbà níbí."

Clem bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Obìnrin náà ní òun á fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí àwọn tó yẹ, wọ́n á pè é. Kí ẹnikẹ́ni tó yàtọ̀ sí Avril má ṣe wa mọ́tò náà ṣáá.

"Wà á lọ síbo?" Clem dáhùn. "Òkun ló yí wa ká."

Kí n tètè sọ fún yín kí ọkàn yín lè balẹ̀: wọ́n kìlọ̀ fún Avril, ìkìlọ̀ tó gbóná janjan, wọn ò gbé mọ́tò náà lọ. Ṣùgbọ́n Avril ò mọ̀ nígbà náà. Nígbà tó ń gbé Clem sórí bẹ́ẹ̀dì, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Clem, tí wọ́n bá gbé mọ́tò yẹn…"

"Mọ́tò kọ́ ló ń dùn mí."

Clem fa búláńkẹ́ẹ̀tì bora.

"Ká ní o sọ pé o fẹ́ lọ jó, ǹ bá ní kó o lọ. Èmi ò lè jó. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má jó." Ó yí ojú sí ògiri. "O ní kí n máa dúró de táyà. Mo dúró. Mo gbà ẹ́ gbọ́. Ìyẹn náà, mo lè gbé e mì. Ṣùgbọ́n mò ń pe orúkọ ẹ nínú omi, o ní aládùúgbò ni mí."

 Avril jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì náà, ibẹ̀ ni ilẹ̀ mọ́ bá a.

Ní àfẹ̀mọ́jú, omi ti fà. Títì yọ jáde, ó tutù, ó ń dán. Jasbir ti wà nídìí iṣẹ́. Táyà tí Clem ní kó mú wá fún ti iwájú tí kò jò, òun ló gbé sí ẹ̀yìn tó jò. Ó bá a mu rẹ́gí. Ó dì í le, ó nu ọwọ́, ó wá sọ́dọ̀ Clem lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹkù Clem. Ẹ̀yin gan-an nìyẹn báyìí, àbí ẹ tún fẹ́ yí padà?"

"Èmi nìyẹn," Clem wí, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ṣòkòtò mi ti di tìẹ o. Ó ti ya nídìí."

Royston gbé bàtà ijó rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó wọ ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Jasbir. Ó yọ orí jáde. "Avril, Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Ti Clem ni Sọ́ńdè."

"Àwọn ère mi ńkọ́?"

Avril nawọ́ sí ẹrẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí i, ẹ̀yin ọmọ mi. Fìlà pupa tó máa ń yọ lọ́hùn-ún bí omi bá fà, tí ẹ máa ń bi mí pé kí ni, òun nìyẹn.

Ọkọ̀ funfun náà sọ̀ kalẹ̀ sórí títì. Avril dúró, ó ń wò ó bó ṣe ń kéré lọ, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí ọwọ́ Clem tó nà sí i láti inú àga. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé e. Clem so ó mọ́ okùn awò tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó jẹ́ kó bọ́ sínú aṣọ rẹ̀, lójú àyà.

Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ gbéra lórí ẹrẹ̀, wọ́n ń ké. Clem wò wọ́n títí wọ́n fi kọjá lókè ọkọ̀ funfun náà. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà jáde padà, ó nà án sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Omi á tún kún láìpẹ́," ló wí. "Ó yá, aládùúgbò. Tẹ bọ́tìnnì."